Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ owó ìwádìí wa: ojú ìpàdé ni bátìrì ti ń kú

Sí Alága àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ìwádìí,

Okun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà wa.

Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí yàrá ìwádìí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ju ìlà mẹ́rin lọ, àmọ́ ìlà kẹrin ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ní ẹ ò lè fọwọ́ sí owó àpótí oníbọ̀wọ́ (àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí èèyàn ń ti ọwọ́ bọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) àti ínfátà tí a béèrè fún, nítorí pé àwọn ará òkè òkun ti yanjú ọ̀rọ̀ bátìrì aláìlómi tán, kí a lọ wá iṣẹ́ tó kan ará ilú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ típà da íńtálọ́ọ̀kì sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ńlá. Mo lọ wo pátákó ìkéde, mo sì rí i níbẹ̀ pé inú owó ìwádìí ọdún yìí ni wọ́n ti mú owó rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ mọ ara yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín láàárín ara wa, ẹ ò fèsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá sí gbangba, kí àwọn tó ń san owó ilé-ìwé ọmọ wọn lè bá wa dá sí i. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ni mo ń tan ààrò oníná, èmi ni mo ń lọ ìyẹ̀fun, èmi náà ni mo ń fi sáǹpépà ha ohun tó bá jáde. Ohun tí ọwọ́ mi ti kàn ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí kò sí nínú ìgbìmọ̀. Bátìrì fóònù tó wà lápò yín ní ẹ̀gbẹ́ méjì, omi kan sì wà láàárín wọn. Inú omi yẹn ni lítíọ́ọ̀mù, irin fífúyẹ́ kan, ń gbà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá ń fi fóònù sí iná, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà padà nígbà tí ẹ bá ń lò ó. Sony ló kọ́kọ́ gbé irú bátìrì yìí dé ọjà lọ́dún 1991. Àwọn mẹ́ta tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019.

Omi tí mò ń wí yìí kì í ṣe omi mímu o. Ó ń gbiná. Ó sì máa ń bàjẹ́ di gáàsì. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe nínú ọjà Kàbbà, ẹ ó rí bátìrì tó wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́ lórí tábìlì wọn, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ọmọdé má bàa gún un. Bátìrì aláìlómi ni èyí tí wọ́n ti yọ omi yẹn kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ohun líle kan rọ́pò rẹ̀, ohun tó le bí àwo tánńganran ṣùgbọ́n tí lítíọ́ọ̀mù lè gba inú rẹ̀ kọjá. Èrè tó wà níbẹ̀ kọjá pé kò ní tètè gbiná. Nínú bátìrì tòní, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ gráfáìtì, irú ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsùlù. Gíráàmù kan gráfáìtì lè gba 372 mílíámpù-wákàtí, òṣùwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà. Gíráàmù kan ojúlówó lítíọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò gráfáìtì bí ohun líle bá ti gba ipò omi, lè gba 3,860. Ó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ àgbáyé fi ń sáré lé e.

2. Ẹ ní wọ́n ti yanjú rẹ̀. Ìlàjì rẹ̀ ni wọ́n yanjú, àwa sì ń sọ̀rọ̀ nípa ìlàjì tó kù.

Lọ́dún 2011, Ryoji Kanno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáàn fi ohun líle kan hàn, èyí tí sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) wà nínú rẹ̀, tí lítíọ́ọ̀mù ń gba inú rẹ̀ kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ìgbà tó ń gba inú omi. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé ohun líle kì í jẹ́ kí lítíọ́ọ̀mù kọjá. Ibi tí ohun líle yẹn ti pàdé ẹ̀gbẹ́ bátìrì méjèèjì ni wàhálà kó sí. Ojú ìpàdé ni àwa ń pè é ní yàrá ìwádìí wa. Omi máa ń kún gbogbo kọ̀rọ̀ tó bá dé, kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ gbé àwo tánńganran kan lé ìkejì, kí ẹ wá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́: orí góńgó mélòó kan ni wọ́n ti fara kanra, afẹ́fẹ́ ló wà níbi tó kù. Bí lítíọ́ọ̀mù bá fẹ́ kọjá, orí góńgó yẹn nìkan ló máa gbà, gbogbo wọn yóò sì máa tì ara wọn níbẹ̀.

Ìyá ìyá mi hun aṣọ ní Bùnú kí ojú rẹ̀ tó di. Abala méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ kí ó tó fẹ̀ tó. Mo rántí àpótí aṣọ rẹ̀: àwọn tó ti gbó níbẹ̀, ojú ìrán ni wọ́n ti já, abala méjèèjì ṣì dá ṣáṣá.

3. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní oṣù Kẹfà, kí ẹ lè mọ ìdí tí àpótí oníbọ̀wọ́ kì í fi í ṣe fáàrí.

Oríṣi ohun líle kan wà tí wọ́n ń pè ní gánẹ́ẹ̀tì. Lítíọ́ọ̀mù, lántánọ́ọ̀mù, síkóníọ́ọ̀mù àti ọ́síjìn ló para pọ̀ di í. Àwọn tó wà ní Kiel ní Jámánì, Ramaswamy Murugan, Werner Weppner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ló kéde rẹ̀ lọ́dún 2007. Èyí ni àwa ń ṣe, nítorí kò ní òórùn, kò sì ní májèlé bí ti onísọ́fọ̀, èyí tó jẹ́ pé bí omi bá kàn án, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà ló ń tú jáde. A lọ ìyẹ̀fun, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí kò ju ìdérí ìgò mínírà lọ, a gbé e sínú ààrò ní ìwọ̀n ooru tó ju 1,100 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí ó bá jáde dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí eyín erin, bí ẹ bá fi èékánná kàn án, ó máa dún.

A ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tó dún. Ṣùgbọ́n a ò lè fi ojúlówó lítíọ́ọ̀mù kàn wọ́n níbí, nítorí lítíọ́ọ̀mù kì í fara da afẹ́fẹ́ wa. Inú àpótí tó kún fún gáàsì ágọ́ọ̀nù ni wọ́n ti ń fọwọ́ kàn án, kí èèyàn ti ọwọ́ bọ inú bọ̀wọ́ tó so mọ́ ara àpótí náà. Ilé-ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ míràn gbà láti yá wa ní tiwọn fún wákàtí mẹ́rin. Mo kó pẹ́lẹ́ẹ̀tì sínú ike, mo da èyí tó ń fa ọ̀rinrin sí i, mo fi sẹ́lótéèpù dì í. A gba Ìsánlú, a gba Ẹ̀gbẹ̀, a forí lé Òmù-Àrán. Ẹ mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní oṣù Kẹfà, mi ò ní sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà níbí torí lẹ́tà mìíràn nìyẹn. Ẹrẹ̀ mú ọkọ̀, a sùn sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń já ẹrù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, àpò mi ṣubú, ìdérí ike là. Mi ò mọ̀ títí a fi débẹ̀.

Nígbà tí mo ṣí i, eyín erin ti di eérú. Nǹkan funfun kan tó ṣú díẹ̀ ti bo gbogbo ojú rẹ̀, tínrín débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní rí i. A kó wọn wọ inú àpótí bẹ́ẹ̀. Lítíọ́ọ̀mù máa ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 180, a sì yọ́ ọ lé orí èyí tí a kọ́kọ́ mú. Ó ká jọ bí omi orí ewé kókò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ẹnu irin tì í, ó yí gbirigbiri lọ sí etí, ó jábọ́. Ọdún kan àbọ̀ ni ọmọ náà fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àjẹ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń fa lítíọ́ọ̀mù jáde láti ojú gánẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ ọ́ di háídírọ́ksáìdì. Gáàsì kábọ́nì tí àwa èèyàn ń mí jáde á wá sọ ìyẹn di kábọ́nétì. Kábọ́nétì yìí ni eérú tí mo rí. Lítíọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ ọn, kábọ́nétì náà kì í sì í jẹ́ kí lítíọ́ọ̀mù kọjá dáadáa. Nígbà tó ku wákàtí kan, mo mú sáǹpépà gbígbẹ, mo ha ojú pẹ́lẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nínú àpótí náà títí àwọ̀ eyín erin fi padà. A yọ́ lítíọ́ọ̀mù lé e lórí. Ó tàn ká bí epo pupa lórí iṣu gbígbóná. Ọ̀kan péré. Wákàtí tí wọ́n yá wa pé, a kó ẹrù wa jáde, méje tó kù sì tún padà wá sínú òjò.

4. Ìdí tí mo fi ròyìn gbogbo ìyẹn ni pé ohun tí mo fi sáǹpépà ṣe níbẹ̀, àwọn tó gbajúmọ̀ ló ṣe é ṣáájú mi. Lọ́dún 2017, àwọn tó wà ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí èèyàn bá dán ojú gánẹ́ẹ̀tì, tó sì yan án ní ìwọ̀n ooru 500 nínú ágọ́ọ̀nù, kábọ́nétì á lọ, ìdènà ojú ìpàdé á wálẹ̀ dé 2 óòmù (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìdènà iná) lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ti Yunifásítì Maryland, ní Amẹ́ríkà náà, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ọ́ksáìdì alumíníọ́ọ̀mù tó tínrín ju bí ojú ṣe lè rí lọ bo gánẹ́ẹ̀tì, lítíọ́ọ̀mù sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdènà tó jẹ́ 1,710 tẹ́lẹ̀ di 1.

Ọ̀nà Maryland gba ẹ̀rọ tí owó ìgbìmọ̀ yìí kò lè rà, mi ò sì béèrè rẹ̀. Ọ̀nà Michigan, ẹ wò ó dáadáa: sáǹpépà, ààrò, ágọ́ọ̀nù. A ní sáǹpépà. A ní ààrò. Ẹ̀kẹta ni ẹ kọ̀.

Ẹ tún ka ọdún náà. Gánẹ́ẹ̀tì jáde lọ́dún 2007, ó di 2017 kí ojú ìpàdé rẹ̀ tó gbọ́ràn báyìí. Ọdún 10, lọ́wọ́ àwọn tí iná kì í kú mọ́ lórí. Ẹ̀yin fún wa ní ọdún méjì, ẹ wá ní a ò rí àbájáde.

5. Kó má bàa di pé ẹ máa sọ pé Michigan ti parí rẹ̀ nígbà náà, rárá. Kí lítíọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ohun kan, kí ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti gba iná sí i tí wọ́n sì ti lò ó lọ́pọ̀ ìgbà jẹ́ ohun mìíràn. Nígbà tí a bá ń lo bátìrì, lítíọ́ọ̀mù ń kúrò lójú ìpàdé. Bí ó bá yára kúrò ju bí èyí tó wà lẹ́yìn ṣe lè sún síwájú lọ, ihò kéékèèké á ṣẹ́ kù. Àwọn ará Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi èyí hàn kedere lọ́dún 2019: ihò yẹn ń pọ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, ibi tó ṣì fara kanra á dín kù, gbogbo iná á wá máa gba ibi kékeré yẹn. Níbẹ̀ ni lítíọ́ọ̀mù á ti hu gbòǹgbò wọ inú ohun líle náà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé bí ohun náà bá ti le tó, gbòǹgbò ò ní lè wọ̀ ọ́. Ẹ bi ẹni tí igi ọdán hù sí lára ògiri bóyá líle ògiri dá gbòǹgbò dúró. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń wá, inú rẹ̀ ló ń gbà. Bí gbòǹgbò lítíọ́ọ̀mù bá dé òdìkejì, bátìrì ti kú nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ní tirẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ń wú, ó sì ń sún kì bó ṣe ń gba lítíọ́ọ̀mù tó sì ń yọ ọ́, òun àti ohun líle náà á wá ya ara wọn. Ohun líle onísọ́fọ̀ tún ń bá ẹ̀gbẹ́ yìí jà, àfi kí wọ́n fi nǹkan bo ojú ìpàdé, bí àwọn ará Jàpáàn ṣe fi ọ́ksáìdì níóbíọ́ọ̀mù àti lítíọ́ọ̀mù ṣe é lọ́dún 2007.

Toyota, pẹ̀lú gbogbo owó wọn, ní ọdún 2023 ṣì ń sọ pé ó di 2027 tàbí 2028 kí ọkọ̀ tó ń lo bátìrì aláìlómi tiwọn tó jáde. Bí wọ́n bá ti yanjú rẹ̀ tán bí ẹ ti wí, kí ni wọ́n ń dúró dè?

6. Ẹ ní kò kan ará ilú. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú jù.

Gánẹ́ẹ̀tì tí mo ń sọ yìí, ìrísí méjì ló ní. Nínú ọ̀kan, lítíọ́ọ̀mù ń lọ fàì. Nínú ìkejì, ó ń wọ́ bí ìgbín, ó sì lọ́ra tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ṣe é lásán, èyí tó ń wọ́ ni yóò jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fi sí i kí ó lè dúró ní ìrísí tó yá ni irin kan tí wọ́n ń pè ní tántálọ́ọ̀mù. Níbo ni tántálọ́ọ̀mù wà? Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ní Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú. Inú òkúta pẹgimatáìtì tó wà ní Yàgbà ni wọ́n ti ń wa tantaláìtì, òkúta tí tántálọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Irú òkúta kan náà ni wọ́n tún ń wá lítíọ́ọ̀mù lọ sí nísinsìnyí, èyí tó ń dán tó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí aṣọ tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan méjì nínú ohun tí mo ń kó sínú ààrò wà lábẹ́ ilẹ̀ tí a ń gbin iṣu sí. Ilé ìtajà kẹ́míkà l'Ékòó ni mo sì ti ń rà wọ́n, nínú ìgò tí wọ́n kọ èdè ilẹ̀ òkèèrè sí lára.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń walẹ̀ mọ iye tí àpò òkúta kan jẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Òkúta ń lọ, ihò ń ṣẹ́ kù, omi òjò ń kún inú ihò. Iṣẹ́ wo ló tún kan ará ilú ju kí ọmọ Okun kan, àwa Yorùbá Ìwọ̀-oòrùn Kogi, mọ bí òkúta ilé rẹ̀ ṣe ń di bátìrì, àti ibi tí bátìrì náà ti ń bàjẹ́?

7. Ti iná kò gba àlàyé púpọ̀. Ó yẹ kí ààrò wà lórí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, pẹ́lẹ́ẹ̀tì á là. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ fún wa ń mu epo ju bí owó oṣù mi ṣe lè fara dà lọ.

Mo gbà pé a jẹ̀bi díẹ̀. Ìwé ìbéèrè wa jẹ́ ojú-ewé mọ́kànlélógún, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ àmì àti nọ́ńbà tí ẹni tí kò kọ́ kẹ́mísírì kò lè parí. A ò fi ẹnu tí ẹ lè gbọ́ sọ ọ́, ìyẹn ni mo ń tún ṣe yìí. Mi ò sì kórìíra íńtálọ́ọ̀kì o, bàtà tèmi náà ń wọ ẹrẹ̀ níwájú ọ́fíìsì yẹn.

Ohun tí a ń béèrè nìyí:

Àkọ́kọ́, kí ẹ pe ìpàdé kan tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà máa wà níbẹ̀, kí ẹ tó ná ohun tó kù nínú owó náà. Mo máa gbé pẹ́lẹ́ẹ̀tì méjì wá, èyí tó ní eérú lójú àti èyí tí kò ní, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn án.

Èkejì, àpótí oníbọ̀wọ́ kan, àlòkù pàápàá, pẹ̀lú ágọ́ọ̀nù tó máa tó ọdún kan. Bí ẹ bá ní owó yẹn ti pọ̀ jù, ẹ fún wa ní kọ́bọ́ọ̀dù gbígbẹ tó ń fa ọ̀rinrin, ká lè máa tọ́jú pẹ́lẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀. Àpótí ló máa jẹ́ ká fi lítíọ́ọ̀mù kàn án níbí. Kọ́bọ́ọ̀dù kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọdún kan àbọ̀ di eérú.

Ẹ̀kẹta, ínfátà fún ààrò nìkan. A ò béèrè fún ti fáànù wa.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ bá wa kọ̀wé sí àwọn tó ń wa òkúta ní agbègbè yìí kí wọ́n máa fún yàrá ìwádìí wa ní àpẹẹrẹ òkúta lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé tó bá ní òǹtẹ̀ yín lórí ni wọ́n máa dáhùn, tèmi kò ní òǹtẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìdáhùn yín dé kí oṣù Kọkànlá tó wọlé. Tí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ ibí á gbẹ, àwa tí kò ní àpótí á lè tọ́jú pẹ́lẹ́ẹ̀tì fún bí oṣù mélòó kan láìsí pé eérú tètè bò ó. A ti lọ ìyẹ̀fun tuntun sílẹ̀. Bí ẹ bá tún jẹ́ kí ọyẹ́ yìí kọjá, inú òjò la máa tún ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹni tó ń tan ààrò ní yàrá ìwádìí,
Ìwọ̀-oòrùn Kogi.